Róstà ló dá ìjà sílẹ̀: ẹjọ́ Lillian Ládélé àti káńsù Islington

Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2013, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, tó wà ní ìlú Strasbourg, dá ẹjọ́ Kristẹni mẹ́rin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀. Ẹnì kan jàre, àwọn mẹ́ta yòókù pàdánù. Ẹni tó jàre ni òṣìṣẹ́ British Airways kan tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àgbélébùú ọrùn rẹ̀ hàn síta, òun sì ni àwọn oníròyìn gbé sókè jù. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ wà lára àwọn tó pàdánù. Lillian Ládélé ni orúkọ ẹni tó pe ẹjọ́ náà, orúkọ tí kò lè ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá.

Bí ìtàn rẹ̀ ṣe máa ń dé etí àwa tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé wọ́n lé Kristẹni lẹ́nu iṣẹ́ torí ó kọ̀ láti so ọkùnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin, pé ó sì ku díẹ̀ kó kan pásítọ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ sún mọ́ òótọ́. Ìdajì kejì, irọ́ ni. Ohun tí kì í sì í wọ inú ìtàn yẹn rárá ni ohun tí mo kà sí ọkàn ẹjọ́ náà: pé òfin kò pàṣẹ fún káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́, láti ṣe ohun tó ṣe. Káńsù ló yàn án, ilé-ẹjọ́ sì sọ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn án.

Ọdún 1992 ni Arábìnrin Ládélé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú káńsù Islington ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2002 ó di akọ̀wé tí ń forúkọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní Ìkòyí rí lè fojú inú wo irú yàrá bẹ́ẹ̀: tábìlì, ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì, ẹbí tó tò sẹ́yìn tí gbogbo wọn na fóònù sókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò fẹ́ kí ìsìn wọ inú yàrá yẹn rárá. Wọn kì í gbàdúrà níbẹ̀, wọn kì í kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í ka Bíbélì tàbí Kùránì. Ọkọ àti ìyàwó á sọ ọ̀rọ̀ tí òfin là kalẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, àwọn ẹlẹ́rìí àti akọ̀wé á fọwọ́ sí i, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ọlọ́run dá sí i á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ orí rẹ̀ ni àwọn adájọ́ padà wá jókòó sí.

Nǹkan mìíràn tún wà nípa ipò rẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Káńsù ló ń san owó oṣù rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà káńsù, ṣùgbọ́n káńsù kọ́ ló gbà á síṣẹ́ lábẹ́ òfin. Ọ̀gá àgbà ètò ìforúkọsílẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ni irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìyẹn ni pé káńsù lè bínú sí i, kò lè lé e.

Òfin àdéhùn àjọgbé, tí ilé aṣòfin ṣe ní 2004, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2005. Ìjọba Tony Blair kò pè é ní ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àti ojúṣe inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti tọkọtaya. Ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ló wà fún nígbà náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é tilẹ̀ gbẹ ju ti ìgbéyàwó kóòtù lọ, nítorí òfin kò béèrè pé kí àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Bí ẹnì kejì bá ti gbé báírò kúrò lórí ìwé níwájú akọ̀wé àti ẹlẹ́rìí méjì, wọ́n ti di ara wọn. Ayẹyẹ, òrùka, ọ̀rọ̀ dídùn, ẹni tó bá wù ló ń fi ìyẹn kún un.

Òfin náà ní kí káńsù kọ̀ọ̀kan rí i pé àwọn akọ̀wé tí yóò máa ṣe é tó fún àdúgbò rẹ̀. Kò sọ pé gbogbo akọ̀wé pátá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn káńsù kan fi èyí yọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀sìn wọn kò gbà á sílẹ̀. Islington ní tirẹ̀ kó gbogbo àwọn akọ̀wé rẹ̀ sínú iṣẹ́ náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2005 yẹn, láìyọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìlànà kan tó ń fi yangàn, tó dá lórí pé iyì gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́dọ̀ òun, àti òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò.

Ìgbàgbọ́ Arábìnrin Ládélé ni pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan, títí ayé, ni ìgbéyàwó, àti pé àdéhùn tuntun yìí lòdì sí òfin Ọlọ́run. Kò sí adájọ́ kankan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sọ pé ó ń fi ẹ̀sìn bojú.

Ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan ń lọ bí nǹkan ṣe máa ń lọ ní ọ́fíìsì. Bí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ tí àdéhùn àjọgbé wà lórí róstà, yóò bá akẹgbẹ́ kan ṣe pààrọ̀: bá mi gba èyí, èmi á bá ọ gba tìrẹ. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpàdé. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìtọ́jú arúgbó ní ìlú yìí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe ń yí láàrin òṣìṣẹ́, kí ẹnì kan lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹlòmíràn lè lọ kí Jímọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ẹ̀sùn. Wọ́n ní kíkọ̀ tó ń kọ iṣẹ́ náà jẹ́ ìdẹ́yẹsí. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjì yìí, torí pé ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fò wọ́n. Àwọn náà jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀yà ara wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ọ́fíìsì kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń sọ, láìbú ẹnikẹ́ni, láìgbé ohùn sókè, pé òun kò lè fi ọwọ́ òun kan ìwé irú wọn. Wọ́n sì tún ní kí wọ́n bá a gba iṣẹ́ náà. Ká ní àwa ni, ká ní akẹgbẹ́ kan ń sọ pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà kí òun forúkọ ọmọ Áfíríkà sílẹ̀, ṣé róstà la máa bá a tún tò? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ònkàwé yóò sọ pé àwọ̀ ara kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibì kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, káńsù kọ lẹ́tà sí i: kó fọwọ́ sí ìwé pé láti ìsinsìnyí lọ òun yóò máa ṣe iṣẹ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè ti rú ìlànà òṣìṣẹ́. Kò fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n wá ọ̀nà tí ìgbàgbọ́ òun yóò fi ráyè. Ó lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ náà fi wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2007, ọ́fíìsì ti gbóná, róstà kò rọrùn tò mọ́, iṣẹ́ ń wọ àwọn yòókù lọ́rùn. Káńsù gbé ìwádìí kalẹ̀, ìwádìí bí ẹ̀sùn, ó sì dé iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ.

Ibẹ̀ ni káńsù ti gbé nǹkan kan jáde tó jọ ìlàjà. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí àpèjúwe iṣẹ́ tuntun: kò ní darí ayẹyẹ kankan, ṣùgbọ́n yóò máa jókòó ti àwọn tó kàn fẹ́ fọwọ́ síwèé lásán, yóò sì máa ṣe àwọn iṣẹ́ ìwé tó jẹ mọ́ ọn. Ó kọ̀. Àwọn ènìyàn kan rò pé agídí ló dé níbí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ padà síbi tí mo ti sọ bí àdéhùn náà ṣe ń wáyé: ìfọwọ́sí gan-an ló ń so wọ́n. Káńsù yọ orin àti òdòdó kúrò fún un, wọ́n fi ìsopọ̀ sílẹ̀. Fún ẹni tí ìsopọ̀ gan-an ni kò gbà, kí ni wọ́n yọ?

Ó gbé káńsù lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n dẹ́yẹ sí òun nítorí ẹ̀sìn, wọ́n sì yọ òun lẹ́nu. Kí ẹjọ́ náà tó parí, òfin mìíràn tí kò bá tiwọn jà rárá yí ipò rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 2007, gbogbo akọ̀wé bíi tirẹ̀ di òṣìṣẹ́ káńsù tààrà. Agbára tí Islington kò ní tẹ́lẹ̀ láti lé e dé ọwọ́ wọn.

Ní ọjọ́ 3, oṣù keje, ọdún 2008, ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Wọn kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: káńsù gbé ẹ̀tọ́ àwọn tó ń fẹ́ ẹ̀yà ara wọn ga ju ẹ̀tọ́ Kristẹni tó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú lọ. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yí i dànù. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ìsàlẹ̀ da nǹkan méjì pọ̀: káńsù kò bá a wí nítorí pé ó jẹ́ Kristẹni, ó bá a wí nítorí pé ó kọ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì kọ iṣẹ́ yẹn, onígbàgbọ́ tàbí aláìgbàgbọ́, ohun kan náà ni yóò bá pàdé.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 2009, ó tún pàdánù ní ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gangan. Lord Neuberger ló kọ ìdájọ́ náà, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kà. Ó to ìdí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ ìlú ni obìnrin yìí ń ṣe, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe kò ní ìsìn kankan nínú. Yàrá tí mo ṣàpèjúwe lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Kíkọ̀ rẹ̀ ń dẹ́yẹ sí àwọn ará ìlú tí ìlànà káńsù fẹ́ dáàbò bò. Ó ń dun àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Àṣẹ káńsù kò sì dí i lọ́wọ́ láti sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú.

Títí débẹ̀, mo lè bá adájọ́ náà rìn. Ó tún wá sọ pé èrò rẹ̀ nípa ìgbéyàwó kì í ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn rẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ìjọ Àgùdà ka ìgbéyàwó mọ́ sákírámẹ́ǹtì méje. Pọ́ọ̀lù, nínú lẹ́tà sí àwọn ará Éfésù, fi ọkọ àti aya ṣe àwòrán Kristi àti ìjọ rẹ̀. Bí ẹ bá wọ ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ìjọ Aláṣọ Funfun ní Pẹ́kíámù, tí ẹ ní ìgbéyàwó kì í ṣe ara ìpìlẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀. Adájọ́ lè sọ pé ìgbàgbọ́ kan kò lè borí òfin. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kó máa ya ìgbàgbọ́ oníjọ sí ńlá àti kékeré, mi ò mọ ibi tó ti rí oyè àlùfáà tó fi ń ṣe é. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé Strasbourg kò tẹ̀ lé e níbẹ̀. Àwọn adájọ́ ọ̀hún gbà gbangba pé ẹ̀sìn rẹ̀ ló mú un kọ̀, pé ọ̀rọ̀ náà sì wọ abẹ́ òmìnira ẹ̀sìn.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní oṣù kẹta ọdún 2010. Ó kan Strasbourg.

Adájọ́ méje ló jókòó. Márùn-ún dá a lẹ́bi, méjì yà sọ́tọ̀. Àwọn márùn-ún kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i wúwo, pé nígbà tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò mọ̀ pé ohun báyìí máa wọ inú rẹ̀, pé ó sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní nígbà tí ẹ̀tọ́ méjì bá forí gbárí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àyè tó fẹ̀ láti pinnu bí yóò ṣe tò wọ́n, àti pé káńsù àti ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kọjá àyè náà. Ẹ tún un kà dáadáa. Wọn kò sọ pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ ṣe bíi ti Islington. Bí káńsù bá yọ ọ́ kúrò lórí róstà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Strasbourg kò sọ níbì kankan nínú ìdájọ́ yìí pé ìyẹn burú. Àwọn tó ń fi ẹjọ́ yìí halẹ̀ mọ́ni, àti àwọn tó ń fi í yọ̀, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe.

Àwọn méjì tó yà sọ́tọ̀, Vučinić àti De Gaetano, bínú kọ tiwọn. Wọ́n ní kò sí ará ìlú kan tó wá gba àdéhùn àjọgbé tó fẹjọ́ obìnrin yìí sùn rí. Òótọ́ ni: kò sí ìwé kankan pé wọ́n dá tọkùnrin-tọkùnrin tàbí tobìnrin-tobìnrin padà ní Islington nítorí rẹ̀. Akẹgbẹ́ ló fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní nígbà tó gba iṣẹ́ ní 2002, kò sí àdéhùn bẹ́ẹ̀ láyé, kò sì ní ìdí kankan láti rò pé ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀rọ̀ burúkú sí káńsù, wọ́n ní ìfọ́jú ló ṣe é àti pé àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló gún un lẹ́yìn. Èdè náà le ju bó ṣe yẹ kí adájọ́ máa sọ lọ, ó sì bà wọ́n jẹ́ lójú àwọn tí wọn ì bá fetí sí wọn. Ọ̀rọ̀ nípa ọdún 2002 yẹn ṣì ni mo rò pé ó lágbára jù nínú gbogbo ìwé ẹjọ́ náà. Ọkùnrin kan wà lára àwọn mẹ́rin yẹn, agbaninímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, tó ṣe ohun tó jọ ti Ládélé. Òun gba iṣẹ́ nígbà tó ti mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Gbogbo adájọ́ méje ló dá a lẹ́bi. Ìyàtọ̀ àárín méje sí òdo àti márùn-ún sí méjì, mo rò pé ibẹ̀ ló wà.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí òfin gba gbogbo akọ̀wé tó ní ẹ̀rí ọkàn láyè títí láé, ojú ilé wa gan-an ni n ò ní lè wò. Lónìí ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin méjì. Lọ́la akọ̀wé tó jẹ́ Àgùdà á ní òun kò so ẹni tó ti kọ ìyàwó sílẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn. Lọ́tùn-únla Mùsùlùmí á ní ẹ̀sìn òun kò gbà kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí fẹ́ Kristẹni. Ẹ wo ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ìyá ń kírun, tí bàbá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ ń jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ìgbéyàwó kóòtù ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń sá sí nígbà tí ẹbí méjèèjì bá fárí gá. Bí akọ̀wé bá tún lè kọ̀ wọ́n níbẹ̀, ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́ Strasbourg, ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2013, ilé aṣòfin dìbò àkọ́kọ́ lórí àbádòfin ìgbéyàwó gangan. Àdéhùn àjọgbé kọ́ mọ́: ìgbéyàwó, pẹ̀lú orúkọ náà. Olórí ìjọba David Cameron ló gbé e, àwọn tó sì dìbò lòdì sí i nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó tì í lẹ́yìn lọ. Pẹ̀lú ìbò àwọn ẹgbẹ́ yòókù, ó kọjá pẹ̀lú 400 sí 175.

Níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà nìyí. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti sínágọ́gù ń bẹ̀rù ni wọ́n fi àgádágodo mẹ́rin tì nínú òfin yẹn. Ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú ìjọ tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti so ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì pọ̀. Ìjọ tó bá fẹ́ ṣe é, aláṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n tún òfin ìdọ́gba kọ kí ẹnikẹ́ni má lè pe òjíṣẹ́ tó kọ̀ lẹ́jọ́ ìdẹ́yẹsí. Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Wales, tí òfin ti fún lágbára láti so ará àdúgbò pọ̀, wọ́n yọ wọ́n kúrò pátápátá. Àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tí wọ́n ti pinnu láti 2009 pé àwọn fẹ́ máa ṣe é, wà lára àwọn tó ń dúró de ilẹ̀kùn kó ṣí. Pásítọ̀ tó bá ń sọ lórí pẹpẹ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ wá fi ìbọn so ẹnikẹ́ni pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì òun kò ka òfin náà.

Akọ̀wé káńsù kò rí àgádágodo kankan. Àwọn aṣòfin kan gbìyànjú, orúkọ Ládélé sì jáde nínú àríyànjiyàn náà. Wọ́n ní kí òfin dá akọ̀wé tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà sí. Kò kọjá. Ní ilé àwọn Lọ́ọ̀dù, wọ́n gbé èyí tó rọ̀ jù wá, pé kó kàn jẹ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí òfin tó dé. Ìyẹn náà kò kọjá. Tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n gba ìkejì yẹn. Àwọn akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò lè pọ̀, ọdọọdún ni wọn ì bá máa dín kù bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì, kò sì sí tọkọtaya kankan tí ì bá padà lọ́wọ́ òfo. Ìjọba fèsì pé ìránṣẹ́ gbogbo ará ìlú kò lè máa ṣa ẹni tó máa ṣiṣẹ́ fún. Àbádòfin di òfin ní ọjọ́ 17, oṣù keje, ìgbéyàwó àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 2014.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014 yẹn kan náà, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó fòfin de irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá wọ inú rẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá jẹ́rìí sí i tàbí tó bá ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà, láti ìgbà Peter Akínọlá ọmọ Abẹ́òkúta, ti wà níwájú àwọn tó ń ta ko irú nǹkan bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú òfin Nàìjíríà: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ so irú wọn pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló béèrè? Ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù wá lè rí ara rẹ̀ láàrin òfin méjì: ìwé tó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n nílé bó bá jẹ́ pé ilé ló ti fọwọ́ sí i.

Ibòmíràn gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Gúúsù Áfíríkà, tó fi òfin gbà á láti 2006, jẹ́ kí akọ̀wé ìjọba kọ ìwé pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á. Wọ́n yọ àyè náà kúrò ní 2020, nítorí ẹni tó bá dé ọ́fíìsì kan tí gbogbo akọ̀wé ibẹ̀ ti kọ̀wé bẹ́ẹ̀, ibo ló fẹ́ kọjú sí? Ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, Kim Davis, akọ̀wé àgbà ìbílẹ̀ Rowan, lo ọjọ́ díẹ̀ lẹ́wọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 torí kò gbà kí ọ́fíìsì rẹ̀ fún wọn níwèé ìgbéyàwó. Òun kò bẹ akẹgbẹ́ pé kó bá òun gbà á. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà mọ́ gbogbo ènìyàn, kò sì yẹ ká pe òun àti Ládélé lórúkọ kan náà. Ọdún kejì, ilé aṣòfin Kentucky yọ orúkọ akọ̀wé kúrò lórí fọ́ọ̀mù náà, inú ìhà méjèèjì nínú ìjà náà sì rọ̀ díẹ̀.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, Strasbourg kọ̀ láti gbé ẹjọ́ Ládélé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ńlá rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀, ọdún méje lẹ́yìn lẹ́tà àkọ́kọ́ káńsù. Òfin ò yí padà fún akọ̀wé láti ìgbà náà. Àdéhùn àjọgbé ló yí padà: ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọn kò fẹ́ orúkọ ìgbéyàwó pe ìjọba lẹ́jọ́ pé àwọn náà fẹ́ ẹ, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre ní 2018, àti láti ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2019, ọkùnrin àti obìnrin ń jókòó síwájú tábìlì kan náà láti fọwọ́ sí i.